Orúkọ Tí A Gbà Lẹ́nu Ibodè

Ìlú mẹ́ta péré ni orúkọ náà wà. Ẹ lọ sí etí odò níbi tí àwọn atukọ̀ ti ń kó èrò sọdá, ẹ ó bá agboolé mélòó kan tó ń jẹ́ Kòṣílẹ̀kùn. Ẹ gun orí òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ òkúta, ẹ ó tún bá wọn níbẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí òkun, láàárín àwọn tó ń se iyọ̀, wọ́n wà níbẹ̀ pẹ̀lú, èéfín ti sọ ojú wọn di pupa. Lẹ́yìn ìlú mẹ́ta yìí, ẹ fi gbogbo ayé yín rìn, ẹ kò ní rí ẹni tí ẹ ó pe orúkọ yẹn tí yóò dá yín lóhùn.

Àwọn tó ń jẹ́ ẹ kò sì jọra wọn rárá. Àwọn kan ga fíofío, àwọn kan rí róbótó. Síbẹ̀ wọn kì í fẹ́ ara wọn, wọn kì í sì í fi igi há ilẹ̀kùn ilé wọn, ìbáà jẹ́ ìgbà tí olè ń jà láàárín ìlú. Àwọn atukọ̀ á máa fọ́nnu pé baba àwọn ló bí gbogbo wọn. Àwọn ará òkè á ní irọ́ gbáà ni, ọ̀dọ̀ àwọn ló ti ṣẹ̀. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bá ara wọn fà á. Wọn kì í ṣe ọmọ baba kan, orúkọ náà kò sì ṣẹ̀ nínú ọ̀kankan nínú ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlú tó ti ṣẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹ kò lè rí ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ ẹ níbẹ̀. Ojú máa ń ti àwọn ará ibẹ̀ láti pè é.

Ogun ló fà á. Ogun ọ̀hún ti dó ti ìlú náà fún òjò kan àti ẹ̀ẹ̀rùn kan nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Wọ́n ti fi amọ̀ di àwọn ẹnu ibodè yòókù pa, ó wá ku ẹyọ kan, èyí tó kọjú sí ojú ọ̀nà oko. Ilé kan ṣoṣo ló ń ṣọ́ ibodè náà láti ayébáyé. Nígbà tí à ń wí yìí, ọkùnrin méjì ló kù nínú ilé náà. Ẹ̀gbọ́n ló jogún iṣẹ́ baba wọn, Oníbodè ni gbogbo ìlú ń pè é. Àbúrò ya ọmọ ogun. Nítorí pé kì í wo ẹ̀yìn bó bá ti kọjú sí ọ̀tá, wọ́n sọ ọ́ ní Máwẹ̀yìn.

Àṣà kan wà nínú ilé yìí tí kò sí nílé ẹlòmíì. Wọn kì í fi ohùn ṣílẹ̀kùn. Ta ni kò lè sín ohùn ẹlòmíì jẹ? Kíkàn ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ẹni tó wà níta á kan ilẹ̀kùn ní ẹ̀ṣẹ́ méjì àti àtẹ́lẹwọ́ kan. Ẹni tó wà nínú á dá a lóhùn ní àtẹ́lẹwọ́ kan àti ẹ̀ṣẹ́ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdábùú igi á gbéra. Láti kékeré ni baba wọn ti ń kọ́ wọn lórí ilẹ̀kùn yàrá, ọjọ́ tí ọ̀kan nínú wọn bá sì dáhùn tán tó wá ń ṣeré dípò kó ṣí i, ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ á gbọ́ ti pàṣán. Baba náà á ní, "Rò ó dáadáa kó o tó dáhùn. Tó o bá ti dáhùn, o ti búra fún ẹni tó wà níta nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ni kíkàn náà ṣe wọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Lójú oorun pàápàá, bí Máwẹ̀yìn bá gbọ́ ọ, ọwọ́ rẹ̀ á wá igi tó máa fi dáhùn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀ ni Balógun pe ìgbìmọ̀ sínú yàrá ìgbàlejò rẹ̀. Yàrá náà kéré, àwọn ìjòyè ogun sì fún ara wọn pọ̀ lórí ìjókòó gbọọrọ tó wà lẹ́bàá ògiri. Àwo àgbàdo sísun kan wà láàárín wọn. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí i, nítorí pé ẹni tó bá kọ́kọ́ mú nínú rẹ̀ á dà bí ẹni tí ebi ti ṣẹ́gun. Balógun fúnra rẹ̀ ló bu ẹ̀kúnwọ́ níbẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó sórí ẹní.

"Ibùdó wọn nìyí," ó wí. "Àwọn ẹlẹ́ṣin wọn nìyí. Odò kékeré gba ibí kọjá. Ẹ wo èyí tí mo fi sọ́tọ̀ yìí dáadáa o. Ibẹ̀ ni àká wọn wà, ibẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ọkà wọn sí. Tá a bá dáná sun ún, ebi tó ń pa wá yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn náà, wọ́n á sì ká ẹrù wọn lọ sílé."

Àwọn ìjòyè wo ẹní náà. Olórí àwọn tafàtafà, bàbá arúgbó kan tí eyín rẹ̀ kò pé mọ́, ní ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ àwọn wo ló máa lọ? Gbogbo ojú rọra yí sí ọ̀dọ̀ Máwẹ̀yìn, àwọn ọmọ ogun tó dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú òjò sì gbé e lóhùn òkè:

"Máwẹ̀yìn! Ọmọ aṣọ́bodè! Aṣáájú tí ọ̀tá ń rí iwájú rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó rí ìpàkọ́ rẹ̀ rí!"

Balógun rẹ́rìn-ín músẹ́, àmọ́ eyín nìkan ló fi rẹ́rìn-ín. Máwẹ̀yìn rí i, kò sì fi ṣe nǹkan kan. Ta ni inú rẹ̀ kì í bàjẹ́ díẹ̀ bí wọ́n bá yin ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lójú rẹ̀? Ó rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé tí àká bá ti jóná, gbogbo wọn á jọ mumi, á tán sí i.

"Balógun, lílọ ò le," ó wí. "Bíbọ̀ ńkọ́? Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún wa?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ni," Balógun dá a lóhùn. "Ṣé a tún rí ẹni tó jù ú lọ ni?" Ó fa idà rẹ̀ yọ, ó fi ahọ́n kan ojú irin náà. "Bí mo bá mọ̀ ọ́n mọ̀ ti ibodè yìí mọ́ yín síta, kí irin tí mo fi ń jẹun yìí náà pa mí. Ẹ gbọ́ o. Mo ti búra."

Oníbodè wà níkọ̀rọ̀ yàrá. Ẹní tó wà nílẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí wọ́n fi máa parí ìmọ̀ràn, olórí àwọn tafàtafà ti mú ẹyọ kan, ó ti mú èkejì, kó sì tó di pé ẹnikẹ́ni fura, bàbá náà ti jẹ ibùdó ọ̀tá tán pátápátá, tẹlẹ́ṣin tẹlẹ́ṣin. Àwọn ọmọ ogun rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀rín tí gbogbo wọn jọ rín kẹ́yìn nìyẹn.

Nígbà tí òjò dá, wọ́n kóra jọ sẹ́nu ibodè. Oníbodè wá bá àbúrò rẹ̀, ó bá a so okùn apó ọfà tó gbé kọ́ ẹ̀yìn, bó ṣe máa ń bá a so ó nígbà tó ṣì kéré. Ìka rẹ̀ kò rí okùn náà so dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ń gbọ̀n."

"Ebi ni."

"Ìyá ńkọ́?"

"Kò fẹnu kan nǹkan kan látàná. Ó ní ká fi tòun fún àwọn ọmọ àdúgbò."

"Ẹ sọ fún un pé mò ń bọ̀. Ẹ ní mo ní kó jẹun o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èmi àti ẹ̀ la jọ máa sọ ọ́." Máwẹ̀yìn rẹ́rìn-ín. "Tí mo bá dé, màá kan án bíi tilé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ so okùn náà tán, ó tún tú u, ó tún un so. "Máa lọ," ó wí. "Òjò ti dá."

Ahunṣọ kan wà lára wọn, ẹgbẹ́ Máwẹ̀yìn ni, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ bí igi òfì rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń sọ bí ọmọ náà ṣe jọ ọ́ tó, àwọn tó kù sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má ṣẹ́ irú èpè bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín labẹ́lẹ̀ títí wọ́n fi dé etí odò kékeré. Níbẹ̀ ni wọ́n ti dákẹ́.

Ìjà náà kò pẹ́. Wọ́n yọ sí àká náà, wọ́n sọ iná sí i. Iná náà yára jù. Máwẹ̀yìn ti inú èéfín wò ó, ó rí i pé àká òfìfo ni, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju pòròpórò. Ibẹ̀ ni ọfà ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì, láti ọwọ́ àwọn tó ti dùbúlẹ̀ sínú koríko ṣáájú kí wọ́n tó dé. Kí wọ́n tó já ara wọn gbà, àwọn tó dá lára wọn kò tó ìdajì. Wọ́n sá padà gba ojú ọ̀nà tí wọ́n bá lọ.

"Kí ló dé tí wọn ò lé wa?" ahunṣọ bi í, ó ń mí gúlegúle.

"Ẹ̀rù ń bà wọ́n."

"Ti ta ni? Tèmi àbí tìẹ?"

Máwẹ̀yìn náà ti ń rò ó. Níbi tí ọ̀nà ti yà lọ sí ẹ̀yìn odi ìlú, wọ́n rí ohun kan nílẹ̀. Àgbàdo ni, ó ń kán tẹ̀lé ara rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, bó ṣe máa ń jò láti inú àpò tó ti lu. Ahunṣọ bẹ̀rẹ̀, ó sa ẹyọ kan, ó sọ ọ́ sẹ́nu. Ó ní àwọn ọ̀tá yìí náà mọ bá a ṣe ń fi nǹkan ṣòfò. Wọ́n kọjá lọ.

Oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n dé ẹnu ibodè. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Máwẹ̀yìn wo ẹ̀yìn fúngbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó rí i pé pápá ṣófo, pé kò sí ọ̀tá kankan tó lè bá wọn wọlé bí wọ́n bá ṣí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó kan án, ẹ̀ṣẹ́ méjì, àtẹ́lẹwọ́ kan.

Láti inú, ọwọ́ kan dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ̀ṣẹ́ méjì.

Àwọn ọmọ ogun mí kanlẹ̀. Ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹni tó fara gbọgbẹ́ dìde. Wọ́n dúró de ìró ìdábùú igi, ìró tí Máwẹ̀yìn mọ̀ ju ìró ohùn ara rẹ̀ lọ, bí igi ńlá náà ṣe máa ń ha ara rẹ̀ mọ́ òpó kó tó gbéra. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

"Àbí ẹ̀gbọ́n ẹ gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣí i ni?" ahunṣọ wí.

Máwẹ̀yìn tún kàn án. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ìdáhùn. Ó gbé etí lé pákó náà, ó gbọ́ èémí ẹnì kan ní ìhà kejì, tó sún mọ́ ọn débi pé bí kì í bá ṣe igi tó wà láàárín wọn, iwájú orí wọn ì bá kan ara wọn.

"Ẹ̀gbọ́n," ó pè é jẹ́jẹ́. "Èmi ni. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn wa. Ẹ wo ìta látojú ihò ilẹ̀kùn."

Èémí yẹn ń lọ, ó ń bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti dáhùn. Mo gbọ́ ọ. Ẹ ti dáhùn!"

Àwọn tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀ṣẹ́ àti ìdí ọ̀kọ̀ lu ilẹ̀kùn, wọ́n ń pe orúkọ ìyàwó wọn, wọ́n ń pe àwọn ìyá wọn, wọ́n ń búra, wọ́n ń bú Balógun tòun ti irin tó lá. Máwẹ̀yìn nìkan ni kò lù ú mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ pákó náà. Ká ní kò sí ìdáhùn àkọ́kọ́ yẹn ni, ì bá sọ pé ẹ̀gbọ́n òun sùn lọ ni, tàbí pé wọ́n ti fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Ọwọ́ tó dáhùn yẹn ni kò jẹ́ kó rí irọ́ kankan pa fún ara rẹ̀. Ó dùn ún ju ọgbẹ́ lọ.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀tá dé. Wọn kò sáré. Ńṣe ni wọ́n rọra ń rìn bọ̀ bí ẹni tó fẹ́ wá gbé ẹrù tí wọ́n bá a fi pa mọ́. Àwọn tó wà lẹ́nu ibodè jà díẹ̀, nítorí pé wọn kò mọ nǹkan mìíì tí wọ́n lè ṣe, lẹ́yìn náà wọ́n fi ohun ìjà sílẹ̀.

Wọ́n dè wọ́n lọ sí ibùdó. Olórí ogun àwọn ọ̀tá wà nínú àgọ́ rẹ̀, ọ̀fìnkìn ń dà á láàmú, ó ń sín bó ṣe ń sọ̀rọ̀.

"Ìwọ ni wọ́n ń pè ní Máwẹ̀yìn? Balógun yín ní kí n kí ẹ." Ó sín. "Má bínú. Ó ránṣẹ́ sí mi pé òun ní ọmọ ogun kan tí wọ́n ti ń yìn ju òun lọ. Ó ní bí n bá bá òun mú un kúrò ńlẹ̀, tí mo sì jẹ́ kí ẹrù ọkà gba orí odi ẹ̀yìn ìlú wọlé, òun náà ò ní yọ mí lẹ́nu mọ́ lórí omi tí à ń pọn lódò. Mo ní kò burú. Ó ti rẹ èmi náà láti máa rí ojú ẹ."

Ahunṣọ tutọ́ sílẹ̀. Wọ́n rò pé ẹ̀jẹ̀ ni. Ó tún tutọ́, ó ń fi ọwọ́ nu ahọ́n rẹ̀, nítorí pé ó rántí ẹyọ àgbàdo tó sa jẹ lójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tò wọ́n sórí ìlà. Ìjòyè mẹ́ta tó wá ran olórí ogun náà lọ́wọ́ ló máa pín wọn: ọ̀kan láti etí odò, ọ̀kan láti orí òkè, ọ̀kan láti etí òkun. Àṣà wọn ni pé kí wọ́n tó pín ẹnikẹ́ni, wọ́n á bi í léèrè orúkọ ilé rẹ̀, kí wọ́n lè ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ pé kí wọ́n wá rà á padà. Ẹni tó bá dárúkọ ilé rẹ̀ ṣì ní ìrètí. Ẹni tí kò bá dárúkọ ilé rẹ̀, kò ní ilé mọ́ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ Máwẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. "Kí lorúkọ ilé yín?"

Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Orúkọ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, orúkọ tí baba rẹ̀ jẹ́, tí bàbá bàbá rẹ̀ jẹ́. Ó rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn, tó jókòó ti ògiri, tó kọ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ló rántí pé orúkọ kan náà ni ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ń jẹ́.

"Kòṣílẹ̀kùn," ó wí.

"Kí nìyẹn?"

"Orúkọ ilé mi ni. Òun ni wọ́n fún mi lánàá. N kò ní òmíràn."

Olórí ogun rẹ́rìn-ín, ó sín, ó sì kọjú sí ẹni tó tẹ̀ lé e. "Ìwọ ńkọ́?"

Alágbẹ̀dẹ ni ẹni náà, ará àdúgbò mìíì ni pátápátá. Ó wo Máwẹ̀yìn. "Kòṣílẹ̀kùn," ó wí.

Bó ṣe lọ nìyẹn láti ẹnì kan dé èkejì. Ẹlòmíì pariwo rẹ̀, ẹlòmíì sọ ọ́ tẹkúntẹkún. Olórí ogun kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ahunṣọ tó wà ní ìparí ìlà, ó rọ ohùn.

"Ẹ má fi ìràpadà ṣeré. Wọ́n ní ìyàwó ìwọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Sọ orúkọ ilé ẹ, mo bẹ̀ ẹ́."

Ẹnu tí kì í dákẹ́ yẹn dákẹ́. Gbogbo wọn ń wò ó, Máwẹ̀yìn sì ń gbàdúrà nínú ara rẹ̀ pé kó dárúkọ ilé rẹ̀, kó máa lọ bá ọmọ rẹ̀.

"Ẹni tí wọ́n fi ọkà pààrọ̀ rẹ̀, ta ló fẹ́ wá rà á padà?" ahunṣọ wí. "Kòṣílẹ̀kùn lèmi náà."

Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta. Kí wọ́n tó tú ká, Máwẹ̀yìn sọ fún wọn pé níbi yòówù tí wọ́n bá bá ara wọn, kí wọ́n má fi igi há ilẹ̀kùn láyé wọn. Ó ní bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ yìí lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ọmọ ìyá wọn ni, kí wọ́n fún un ní àyè láti sùn. Wọ́n kó ahunṣọ lọ sí etí òkun. Títí wọ́n fi kọjá lẹ́yìn igbó, ó ń sọ̀rọ̀, Máwẹ̀yìn sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Wọn kò tún fojú kanra mọ́.

Orí òkè ni Máwẹ̀yìn bá ara rẹ̀. Ó kọ́ bá a ṣe ń gbẹ́ òkúta. Nígbà tí ogun náà tán, olówó rẹ̀ dá a sílẹ̀, ó fẹ́ obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹun, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kò tán nínú rẹ̀. Bó bá ti jókòó lóun nìkan, á rántí ìka tó ń gbọ̀n lórí okùn apó. Ṣé ebi ni lóòótọ́? Àbí ó ti mọ̀ nígbà yẹn? Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn tí àwọn jáde ni Balógun tó pe ẹ̀gbọ́n òun, tó fi ìyá àwọn dẹ́rù bà á, bóyá òun á lè foríjì í. Ìrètí kékeré yìí ló ń tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

Ọ̀sán kan, ó ń pọ́n irin tó fi ń gbẹ́ òkúta nínú yàrá, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀ṣẹ́ méjì, àtẹ́lẹwọ́ kan.

Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti lu ògiri. Àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ̀ṣẹ́ méjì. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ náà. Ẹni tó wà níta kò wọlé.

"A kì í tì í," Máwẹ̀yìn wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ wọlé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti hewú, ó ti gbẹ. Eruku ọ̀nà bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dé orúnkún. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wá ibi tí ìdábùú igi máa ń wà lára òpó, kò rí i.

"Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹ," ó wí. "Mo ń fi orúkọ ilé wa béèrè ẹ kiri. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n níbì kankan. Ni mo bá ń kan gbogbo ilẹ̀kùn bíi tilé, kí n lè gbọ́ ẹni tó máa dáhùn."

"Ẹ jókòó." Ẹnu Máwẹ̀yìn kò lè sọ "ìwọ" sí i, bó ṣe ń dùn ún tó. "Ìyá ńkọ́?"

"Ìyá kú. Mo gbé oúnjẹ lọ fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó bi mí pé níbo la ti rí ọkà. Ó tún bi mí pé níbo lo wà. Ojú mi ló fi mọ̀. Ó ní kí n gbé e kúrò níwájú òun. Kò sì fẹnu kan nǹkan kan mọ́ títí ó fi lọ."

Máwẹ̀yìn gbé irin náà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bi yín. Nígbà tí ẹ ń bá mi so okùn apó, ṣé ẹ ti mọ̀?"

Àgbàlagbà náà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó lè purọ́. Kò sẹ́ni tó kù láyé tó lè já a.

"Mo ti mọ̀," ó wí. "Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Balógun ti sọ fún mi. Ó ní ìwọ ni tàbí ìyá wa. Ọwọ́ mi ló dáhùn nígbà tó o kàn án, mi ò rán an níṣẹ́. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń gbọ́ ọ."

Ohun tó kù nínú Máwẹ̀yìn já. Ó kàn ń wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọ̀nà jíjìn.

"Mi ò bímọ," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ohùn rẹ̀ ń yára. "Ilé wa ti ń wó. Tí mo bá kú, kò sẹ́ni tó máa jẹ́ orúkọ bàbá wa mọ́. Jọ̀ọ́, bá mi kálọ. Tó ò bá lè wá, kó o jẹ́ kí àwọn ọmọ ẹ máa jẹ́ ẹ. Orúkọ yẹn nìkan ni mo wá bẹ̀ ẹ́ fún."

Ní àkókò yìí ni ọmọbìnrin náà gbé omi wọlé fún àlejò. Ó kí i dáadáa, ó gbé igbá náà fún un. Àgbàlagbà náà gbà á, ó wo ojú rẹ̀, ó rí ojú ìyá òun níbẹ̀, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"O ṣeun, ọmọ mi. Kí lorúkọ ilé yín?"

"Kòṣílẹ̀kùn ni wá, bàbá," ó dáhùn.

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń pè yín bẹ́ẹ̀?"

Inú ọmọ náà dùn pé wọ́n bi òun ní ohun tóun mọ̀. "Wọ́n ní ẹnì kan wà nígbà ogun, tí kò ṣílẹ̀kùn fún bàbá mi. Bàbá mi ò sọ ẹni náà fún wa. Wọ́n kàn ní ká má fìwà jọ ọ́. Ìdí nìyẹn tá ò fi ń ti tiwa."

Àgbàlagbà náà rọra gbé igbá omi sílẹ̀. Kò mu ún. Ó wo Máwẹ̀yìn, bóyá ó máa sọ nǹkan kan. Máwẹ̀yìn ti tún mú irin rẹ̀, ó ń pọ́n ọn. Àgbàlagbà náà dìde, ó gba ọ̀nà tó bá wọlé jáde, ó sì ń lọ nínú oòrùn, ó ń wẹ̀yìn léraléra bóyá wọn ó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun.

Wọn kò tì í. Ó ń rí inú ilé náà gbayawu, títí ó fi dé ibi tí ọ̀nà ti yà.